Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìwé Ìtàn Òṣogbo: Ẹ Dá Ogun Jálumi Padà Sínú Ìwé

Sí Bàbá wa Alága, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń kọ ìwé ìtàn ìlú wa fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú làálàá. Mi ò ní fa ìkíni gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ ti sọ fún wa pé ìwé náà ò ní pẹ́ wọ ilé ìtẹ̀wé, ohun tí mo sì fẹ́ sọ, kó tó wọ ibẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ pe àwa olùkọ́ jọ láti ka àwọn orí ìwé náà sí wa létí, inú wa dùn. Ẹ ka ti Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ ìlú wa dó. Ẹ ka ti Ọ̀ṣun àti igbó rẹ̀ tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹ ka ti ojú irin tó dé ọ̀dọ̀ wa ní 1907. Nígbà tí ẹ ka ti ogun Òṣogbo, èyí tí Ìbàdàn ti gbà wá lọ́wọ́ Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1840, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ ka gbólóhùn kan tó sọ pé láti ìgbà náà lọ ni àlàáfíà ti jọba ní agbègbè wa.

Mo nawọ́ sókè, mo béèrè pé Jálumi, ogun tí wọ́n jà ní Ìkìrun ní 1878, ńkọ́? Ẹ ní ẹ ti yọ ọ́. Ẹ ní ìjà kékeré kan lẹ́nu ààlà ni, pé Ìkìrun ló ni ín, àti pé bí a bá ń sọ irú rẹ̀ fún ọmọdé, ojú egbò la máa tú láàárín àwa àti àwọn ará Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Àgbà kan nínú yín wá fi òwe kádìí ọ̀rọ̀: bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré. Bí ẹ ṣe kọjá sí orí tó kàn nìyẹn.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mi ò gbà. Ìta gbangba ni mo sì ti ń sọ ọ́ pé mi ò gbà, torí orúkọ ìlú ni ẹ fẹ́ tẹ̀ sí ara ìwé náà, àwọn ọmọ ìlú ni yóò sì kà á.

1. Kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "ìjà kékeré" yẹn kúrò lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ni wọ́n ja ogun náà. Àkọsílẹ̀ wà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó padà di ọ̀kan lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti bùdó kan dé èkejì, kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún náà, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, àwọn ìlú Èkìtì sì ti dìde. Ìjẹ̀ṣà dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìlá dara pọ̀. Ìlọrin kó ẹlẹ́ṣin rẹ̀ wá. Ìkìrun ni gbogbo wọn dojú kọ, torí pé Ìkìrun wà lábẹ́ Ìbàdàn, òun ló sì wà lẹ́nu ibodè lápá ibẹ̀. Akìrun, ọba Ìkìrun, ránṣẹ́ sí Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun. Kò rọ Ìbàdàn lọ́rùn nígbà yẹn, torí wàhálà ti wà láàárín òun àti Ẹ̀gbá pẹ̀lú Ìjẹ̀bú lórí ọ̀nà tó lọ sí etí òkun. Síbẹ̀, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ ogun jáde.

Ẹ wo ọ̀nà tó lọ láti Ìbàdàn dé Ìkìrun: Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo. Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkìrun, á ti wọ Òṣogbo kí oòrùn tó wọ̀. Bí Ìkìrun bá ṣubú lọ́jọ́ náà, ìlú ńlá wo ló kàn? Àwa náà ni. Ẹ ò lè sọ pé ogun tó dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò yín, tí ẹ̀yin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́rẹ́, kò kàn yín.

Ogun náà le. Nígbà tí ọwọ́ Ìbàdàn ròkè, àwọn ará Ìlọrin yí orí ẹṣin padà sí ọ̀nà ilé, wọ́n sì já sí etí odò Ọ̀tìn. Wọ́n bá a pé wọ́n ti gé afárá. Òpin òjò ni, odò ṣì kún. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò mọ̀ pé omi ló wà níwájú, ìbẹ̀rù ti gbà wọ́n lọ́kàn, wọ́n ń ti ara wọn bọ̀. Ẹṣin ń gun orí ẹṣin. Ẹni tí idà àti ìbọn kò pa, odò gbé e lọ.

Ká ní ìjà náà kéré ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Kò parí síbẹ̀. Jálumi ló ṣílẹ̀kùn fún Kírìjì, ogun ńlá tó wáyé láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó pawọ́ pọ̀ mọ́ wọn. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ jáde lọ láti fòpin sí ọ̀rọ̀ Èkìtì. Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèǹgbé ti Iléṣà sì ni olórí ogun wọn. Ààrẹ kò padà sílé mọ́. Bùdó ló kú sí ní 1885. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, síbẹ̀ ilẹ̀ kò rọ̀ tán títí di 1893. Lápá tiwa níbí gan-an, ọ̀rọ̀ Ìlọrin kò yanjú nínú ìwé yẹn. Ìlọrin ń jagun ní Ọ̀fà, Ìbàdàn jókòó sí Ìkìrun, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn, títí Gómìnà Carter, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, fi wá láti Èkó tó ní kí kálukú ká bùdó rẹ̀.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn Jálumi nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Òṣogbo lọ́dún tí ẹlẹ́ṣin ṣòfò ní Ọ̀tìn á ti ga tó bàbá rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun tó kúrò ní Ìkìrun. Ìwé yín sì sọ pé àlàáfíà ló jọba lẹ́yìn 1840. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá kọ gbólóhùn yẹn nínú ìdánwò, mà á fa igi sí i.

2. Ogun 1840 nìkan kò tó, bí a bá sì dá a sọ, ó lè ṣe ọmọ ẹlòmíì ní ibi.

Mi ò bá ogun Òṣogbo jà. Ogun tó dá ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dúró ni. Balógun Odérìnlọ́ àti àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó wá gbà wá ja ìjà tí ìlú yìí kò gbọ́dọ̀ gbàgbé láéláé. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún wọn bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, pé Ọ̀ṣun sọ ara rẹ̀ di olóúnjẹ, pé ó gbé ẹ̀fọ́ yánrin tó ti bu májèlé sí tọ àwọn ọmọ ogun tó dó ti ìlú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nílé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n sọ ìtàn yìí fún gbogbo ọmọ lórí ìlà ní òwúrọ̀. Ó dùn, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n kọrin. Kó tó di àsìkò ìsinmi, wọ́n ti ká ọmọkùnrin kan mọ́ ẹ̀yìn kíláàsì, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìlọrin. Wọ́n ń pè é ní ọmọ ajẹ̀fọ́. Wọ́n ní kó lọ gun ẹṣin bàbá rẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ yìí, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń kì í láàárọ̀. Ó sunkún títí ilé ìwé fi parí. Mi ò lè bínú sí àwọn ọmọ tó ṣe é. Ohun tí a fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n lò.

Ohun tí a kò fi lé wọn lọ́wọ́ ni pé Ìlọrin kún fún àwa náà. Nínú àwọn Balógun mẹ́rin tí Ìlọrin ní, ti Àjíkòbi àti ti Àlánàmú, àdúgbò Yorùbá ni wọ́n jẹ́ olórí fún. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló ké sí Àlímì, àlùfáà Fúlàní, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́yìn yọ. Nígbà tó sì fi máa di 1878, àwọn tó bá Ìlọrin pawọ́ pọ̀ láti kọlu Ìkìrun, ta ni wọ́n? Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìlá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí, kò ní lè dúró níwájú ọmọ Ìlọrin kó pè é ní àjèjì. Á mọ̀ pé ẹni tó ń ké "ẹ gbà mí o" nínú odò Ọ̀tìn, èdè tí òun náà máa fi ké ló fi ké e.

Ẹ ní ẹ yọ Jálumi kí egbò má baà tú. Ẹ̀yin àgbà, 1840 tí a dá sọ láìsí Jálumi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tú egbò, mo sì ti rí ẹni tó ṣẹ̀jẹ̀.

3. Jálumi ló máa jẹ́ kí ọmọ béèrè ìdí tí wọ́n fi jà.

Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, mo sì fura pé ibí gan-an ni ẹ ti ń sá fún un. Ogun 1840 rọrùn láti sọ: ọ̀tá wá, olùgbàlà dé, ọ̀tá sá. Ìbàdàn ni olùgbàlà wa, òtítọ́ ni. Òtítọ́ náà ni pé lẹ́yìn tí Ìbàdàn gba ìlú wa, abẹ́ rẹ̀ la wà. Bí agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ó ń rán ajẹ́lẹ̀ lọ sí àwọn ìlú Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ajẹ́lẹ̀ ń wọ oko olóko, wọ́n ń mú ẹran ọlọ́sìn, wọ́n ń fọwọ́ kan aya aláya. Ohun tó mú Fábùnmi yọ idà nìyẹn. Àwọn tó kó ogun wá sí Ìkìrun ní 1878 ní ẹjọ́ tí wọ́n ń rò, bí a tilẹ̀ rí i pé wọ́n kó ogun wá bá àwọn tí kò ṣẹ̀ wọ́n.

Ẹ wá wo ibi tí Òṣogbo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé yín fúnra rẹ̀ sọ pé láti Ìpólé, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ti wá wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun. Ìwé yín tún sọ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun tú ìlú wọn ká ya wọ ìlú wa, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ńlá. Ẹ fi orí méjèèjì yẹn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 1878, ìran ẹni tó tẹ ìlú wa dó wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn tó ń bá Ìkìrun jà. Àwọn tó gbà wá lọ́wọ́ Ìlọrin wà ní ìhà kejì. Ìbátan wà nínú ogun, olóore wà nínú ogun, àwọn méjèèjì ń pa ara wọn níbi tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Mi ò mọ ìtàn mìíràn tó lè jẹ́ kí ọmọ Òṣogbo mọ irú ẹni tí òun jẹ́ jù èyí lọ. Ẹ wá yọ ọ́!

Mi ò ní kí ẹ dájọ́ fún ọmọ pé Ìbàdàn ló burú tàbí Èkìtìparapọ̀ ló dára. Ẹ kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń wí. Ọmọ ọdún méjìlá tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ẹran inú ọbẹ̀ mọ̀ pé ìjà máa ń ní ìhà méjì. Yóò yé e.

4. Àwọn tí kò gbé ìbọn ńkọ́?

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà fún wa, orúkọ ọba àti orúkọ jagunjagun ló kún ibẹ̀. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ogun lẹ́nu ààlà, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa ń jìyà jù. Ẹ wo Òkukù, tó jẹ́ pé òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lónìí. Ilẹ̀ wọn wà lójú ọ̀nà ogun. Wọ́n fi ilé, oko àti sàréè baba wọn sílẹ̀, wọ́n sá wọ Ìkìrun, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí ogun fi parí ní 1893. Àwọn ọmọ kan dàgbà tí wọn kò mọ bí ìlú bàbá wọn ṣe rí. Àwọn tí ogun kó lẹ́rú, ọ̀pọ̀ wọn kò tún rí ilé mọ́.

Ẹ tún wo ìwé àdéhùn ọdún 1886. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ó kúrò. Ìlú mẹ́rin nìyẹn tí gbogbo wọn ṣì wà ní ìpínlẹ̀ wa lónìí, tí àwọn ọmọ wọn ń kàwé níbí, tí wọ́n ní oko àti ilé ìtajà níbí. Níjọ́ kan, wọ́n sọ fún àwọn bàbá bàbá wọn pé kí wọ́n yàn: ilé, tàbí òmìnira. Bí a bá ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan, yóò mọ ohun tí ààlà ń ṣe fún ènìyàn ju bí yóò ti mọ̀ ọ́n nínú àwòrán ilẹ̀ èyíkéyìí.

5. Òwe tí ẹ pa.

Òwe àwọn baba wa ni, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wí: ó ní kí a gbàgbé. Ẹni tí a kò sọ fún rí kò ní ohun tó lè gbàgbé. Àwọn tí òwe yẹn wà fún ni àwọn tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n sì pinnu láti fi í sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa kò sí nínú wọn. Wọn ò gbàgbé Jálumi. Wọn ò gbọ́ ọ rí ni. Àgbà tó ń jó ní ojúde tó sì mọ orin lè ní òun kò kọ ọ́ mọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ orin náà rí kò ní irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, ibi tí ìtàn kò bá sí, nǹkan mìíràn ló máa ń dí àyè rẹ̀. Bí ìdìbò bá sún mọ́, tàbí tí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ láàárín abúlé méjì lápá ààlà Ọ̀ṣun àti Kwara, ẹ máa gbọ́ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù wọn. Wọ́n máa ní àwa la nilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wọ́n máa ní àwọn yẹn kì í ṣe Yorùbá. Wọ́n máa ní àwọn bàbá wa ti lé wọn rí, a ó tún lé wọn. Ta ni wọ́n lé? Nígbà wo? Ẹnì kan kì í dáhùn. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ̀ pé nígbà kan, àwọn ará Òkukù tí wọ́n ń pè ní tiwa àti àwọn ará Ọ̀fà tí wọ́n ń pè ní tọ̀hún jọ bá ìyà ogun kan náà pàdé ni. Ọ̀fà wà lẹ́yìn Ìbàdàn ní ìgbà ogun yẹn, ìyẹn ni Ìlọrin ṣe dó tì í. Ààlà ìpínlẹ̀ ti òní kò sí lójú ẹni kankan nínú wọn.

6. Ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí ilé ìwé.

Àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ̀wé fún wà lára ìran tí wọ́n yọ Ìtàn kúrò níwájú wọn. Láti sáà ẹ̀kọ́ ọdún 2009 sí 2010 ni wọn kò ti kọ́ Ìtàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele kékeré girama mọ́, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ìjọba tó ní kó padà. Àwọn olùkọ́ tó kéré lọ́jọ́ orí lónìí, àwọn náà kò kọ́ ọ. Nítorí náà, ìwé yín kì í ṣe àfikún sí ohun tí ọmọ ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìtàn ìlú mìíràn lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá yọ kúrò nínú rẹ̀, ẹ ti yọ ọ́ kúrò láyé wọn nìyẹn.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín nìyí.

Àkọ́kọ́, kí ẹ pa gbólóhùn tó ní àlàáfíà ló jọba lẹ́yìn 1840 rẹ́. Èyí kò gba ìpàdé. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kí ẹ dá Jálumi padà, kì í ṣe ìlà méjì ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, bí kò ṣe odindi orí kan, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tó fi Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìgbájọ, Ìmẹ̀sí-Ilé àti odò Ọ̀tìn hàn. Bí ojú ewé bá jẹ́ yín níyà, ẹ dín àwòrán àwọn olóyè tó ń bẹ níbẹ̀rẹ̀ ìwé kù. Àwọn olóyè wa kò ní bínú.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ tó tẹ orí náà, ẹ fún àwọn ẹlòmíì kà. Ẹ wá ẹni tó mọ ìtàn ní Ìkìrun, ní Ìlọrin, ní Iléṣà àti ní Ìlá. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sọ pé ẹ kò sọ ti àwọn dáadáa, ẹ tẹ́tí sí i. Bí ohun tí wọ́n ń sọ bá ta kora, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ láti rí. Mo mọ̀ pé èyí lè fa ìdádúró fún ìwé náà. Kó dúró.

Ẹ̀kẹrin, nínú orí ogun Òṣogbo, ẹ kọ ọ́ ketekete pé Yorùbá wà nínú ọmọ ogun Ìlọrin. Kò ní ba ìtàn ẹ̀fọ́ yánrin jẹ́, kò sì ní gba ògo Ọ̀ṣun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ìpínrọ̀ kan kún orí ojú irin. Láti Òṣogbo, irin náà gba Ìkìrun, ó gba Òkukù, ó gba Ọ̀fà, ó wọ Ìlọrin. Ọdún mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n ká bùdó ogun ní Ìkìrun àti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ fọn fèrè ní ìlú wa. Àwọn obìnrin tó gbé ẹrù iṣu àti epo wọ ọkọ̀ náà lọ tà ní Ìlọrin, ọ̀pọ̀ wọn ti gbó tó láti rántí ogun. Kò sẹ́ni tó nílò láti fi ọ̀rọ̀ àná pa mọ́ fún wọn kí wọ́n tó lè bá ará Ìlọrin ná ọjà.

Ẹ̀kẹfà, kí ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò Ọ̀tìn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ìwé bá jáde. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan máa kọminú nítorí ọ̀nà, àwọn kan nítorí owó ọkọ̀. A lè bá wọn sọ ọ́. Mo ti bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, àwọn kan sì ti ṣetán láti yọ̀ǹda ọjọ́ Àbámẹ́ta wọn.

Ẹ sọ ní ìpàdé pé ẹnikẹ́ni tó bá ní àtúnṣe kí ó kọ ọ́ wá kí oṣù yìí tó parí. Mo ti kọ tèmi. Mo sì ti kọ orí Jálumi náà pẹ̀lú ọwọ́ mi, èdè tí ọmọ ìwé kẹfà máa lóye ni mo fi kọ ọ́. Mo ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún mi, ẹ kò sì ní láti kọ orúkọ mi sí i. Bí ẹ bá rí ibi tó wọ́ nínú rẹ̀, ẹ tọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn yín ni mò ń retí, ní gbangba bí mo ṣe kọ lẹ́tà yìí ní gbangba.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Olùkọ́ Ìtàn kan ní Òṣogbo